Bí Ojú Ìyá Àgbà Ṣe Rí Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, obìnrin tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa ń se kenkelíbà. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ kò mọ̀ ju kọfí inú ọ̀rá lọ, ewé gbígbẹ ni kenkelíbà, à ń sè é mu láàárọ̀, omi rẹ̀ a sì pọ́n bí oyin. Bí òórùn rẹ̀ ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, inú mi dùn lójijì. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà mí díẹ̀, nítorí láti ìgbà tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì tí n kò rí iṣẹ́, bí inú mi bá dùn láìnídìí, ńṣe ni mo máa ń rò pé nǹkan kan wà tí mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìdí wà lọ́tẹ̀ yìí. Òórùn náà rán mi létí aṣọ léèsì kan, àti ọjọ́ tí a ṣe tẹlifíṣọ̀n tiwa nínú àgbàlá ní Àjàṣẹ́.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ti ṣeré nínú tẹlifíṣọ̀n rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí àwòrán ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, tí ilé kan péré ló ní ẹ̀rọ náà ní àdúgbò wa. Wọ́n pe ẹgbẹ́ òṣèré Nàgó kan, ìyẹn àwa Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti Àjàṣẹ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Kùtọnu, ìyá àgbà sì ṣe ìyálé òjòwú tó yọ́ bu iyọ̀ sínú ọbẹ̀ ìyàwó tuntun. Ọkọ tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tu ú jáde, ó yíjú sí ìyálé. Ìyálé náà wò ó padà. Ibi ìwò yẹn ni gbogbo ìlú ti bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ kejì ló ti di Ìyálé Oníyọ̀. Tó bá wọ ọjà, àwọn obìnrin a fọwọ́ bo ìkòkò wọn.

“Ẹ dákun o, Ìyálé Oníyọ̀, tiwa ti níyọ̀!”

Wọn a ṣe ojú kan, wọn a sì tún rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé ìyá àgbà nìkan ni kò mọ ojú tí wọ́n ń wí. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n ṣe ń ṣeré lọ́wọ́ nílé-iṣẹ́ ni ó ń jáde lẹ́sẹ̀kan náà nínú ẹ̀rọ tí àwọn ará ilé ń wò. Wọn kò gbà á sílẹ̀, torí kásẹ́ẹ̀tì àwòrán kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ìròyìn ni wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún. Gbogbo Àjàṣẹ́ ló wo ìyá àgbà, àfi ìyá àgbà. Lọ́kàn tirẹ̀, ojú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni òun ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tí gbogbo ènìyàn wá ń rẹ́rìn-ín, ó gbà pé òun ba eré jẹ́ ni, wọ́n sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ náà wá pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ kankan kò dùn ún.

Tọ́ńtọ̀n Sálíù ló sọ èyí fún mi. Tọ́ńtọ̀n ni à ń pe ọkùnrin tó bá tó bàbá ẹni. Ó ti ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n rí kó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ eré náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri ló wà. Páálí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni ògiri ilé inú eré náà, kò sì lè dá dúró, ni òun bá fi ẹ̀yìn tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ṣe ọkọ kò rántí èyí rárá. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá pòórá lórí rẹ̀, ògiri ló ń fara tì. Tọ́ńtọ̀n Sálíù gbọ́ gbogbo eré náà, kò rí ẹyọ kan níbẹ̀.

Òun náà ló ki léèsì funfun tuntun tí ìyá àgbà wọ̀ lọ bọ inú ìkòkò kenkelíbà. Kámẹ́rà ìgbà náà kò fẹ́ràn funfun. Aṣọ funfun máa ń tàn bí iná, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ a sì ṣókùnkùn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pa á láró díẹ̀. Ìyá àgbà kò dárí jì í.

“Sálíù, léèsì mi dà?”

“Ìyá, ó ti di tìjọba!”

Bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn láàárọ̀ nìyẹn.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí mo yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, tí mo rí ìyá àgbà níwájú dígí. Ó fún ojú pọ̀, ó mi orí. Ó fẹ ẹnu, ó mi orí. Láìyíjú, ó ní, “Ṣé báyìí ni?” Àánú ṣe mí, ojú sì tì mí pé àánú àgbàlagbà ń ṣe mí. Mo sáré lọ bá Tọ́ńtọ̀n Sálíù.

“A ó tún eré náà ṣe,” ló wí. “Kí ó jókòó síwájú, kó wo ara rẹ̀.”

Ilé-ìwé ti gba ìsinmi. A rí páálí firíìjì ńlá kan, Tọ́ńtọ̀n gé ojú fèrèsé sí i, ó fi ọmọrí ìgò ṣe bọ́tìnnì tẹlifíṣọ̀n wa. Bàsírù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni ọkọ. Èmi ni ìyálé, wọ́n ní èmi ni mo jọ ìyá àgbà. Ó wá ku ojú náà. Mo lọ bá àwọn tó wo eré náà. Ìyá Rìsí, tó ń ránṣọ, ní orí odó tí òun dojú rẹ̀ délẹ̀ ni òun dúró sí lẹ́yìn fèrèsé ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà: ìyá àgbà fún ojú pọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ní irọ́ ni, ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni.

“Ṣé ojú mi ló wò ó ni àbí ojú tìrẹ?”

“Ìwọ tí o ń wo odó kí o má baà ṣubú!”

Onígbàjámọ̀ ní àjà ló gbójú sókè wò. Mo fi ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dánra wò títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí, mo sì ń rò pé bí mo bá mú èyí tí kò tọ̀nà, èmi ni màá fi irọ́ dí ọkàn ìyá àgbà pa títí láé. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti kékeré.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ilé jókòó sórí ẹní, ìyá àgbà jókòó sórí àga. Eré ọmọdé ni a sọ fún ìyá àgbà pé ó máa wò. Léèsì àtijọ́ ti ìyàwó Tọ́ńtọ̀n ni mo wọ̀, Tọ́ńtọ̀n ti kì í bọ inú kenkelíbà, kò tíì gbẹ. Bí mo ṣe yọ lójú páálí, òórùn náà kan ìyá àgbà. Ó nàró ṣánṣán lórí àga.

“Sálíù! O tún ti ṣe é?”

Bàsírù ti ní òun kò lè tu ọbẹ̀ jáde láìsí iyọ̀, ni mo bá bu iyọ̀ gidi. Ife yọ̀ lọ́wọ́ mi. Gbogbo iyọ̀ inú ife ló dà sí i. Bàsírù tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ pọ́n, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá tu ú la ojú páálí kọjá sórí ìró Ìyá Rìsí. Ó yíjú sí mi bí ẹni tí wọ́n fún ní májèlé. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò kúrò lórí mi. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rín sì ń ru bọ̀ láti inú mi wá. Mo pa ẹnu dé mọ́ ọn. N kò mọ ohun tí ojú mi ń ṣe mọ́.

Ìyá Rìsí fò dìde pẹ̀lú ìró tútù.

“Òun nìyẹn! Ojú náà nìyẹn!”

“Òun gan-an ni!” ni ọkọ rẹ̀ wí. Onígbàjámọ̀ pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà dìde, ó wá sídìí páálí, ó ti orí bọ inú rẹ̀, ó sì di àgbọ̀n mi mú. Ó wò mí pẹ́. Mo bẹ̀rù pé yóò sunkún. Mo bẹ̀rù pé èmi gan-an yóò sunkún, kí ojú náà sì bàjẹ́ kó tó wò ó tán.

“Ẹ̀rín ni,” ló wí. “Ẹ̀rín ni mo ń gbé mì lọ́jọ́ náà. Mo ti rò pé mo gbé e mì.”

Ó tún wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ó sì rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Háà! Ká ní ilé ni mo wà, èmi náà ì bá rín in!”

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí lọ sílé Ìyá Rìsí, ó ní kó sọ eré náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí òun rí.

Lónìí, ènìyàn ń rí ara rẹ̀ nínú fóònù kó tó sọ̀rọ̀ tán, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn ti ògiri fún wa mọ́. Inú mi dùn sí i, ó sì tún dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín ènìyàn, a sì ń sọ ọ́ di ẹ̀gàn kí a tó béèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́, mo lọ jókòó ti ìyá àgbà, ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Mo ní ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Mo ṣàlàyé bó ṣe rín in, bí mo ṣe ṣe ojú, ohun tí mo rò pé ó túmọ̀ sí. Ó jẹ́ kí n parí.

“Ṣé ó ní kí o padà wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Lọ́la.”

“Kí lo wá jókòó tì mí fún? Dìde, lọ lọ aṣọ rẹ.”