Iná Tó Ga tí Kò Pẹ́

Awakọ̀ ni ọkọ mi. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wà láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti wà nínú oyún. Ṣùgbọ́n ẹ má bi í léèrè ọkọ̀. Kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n wé yí irin ká, ni kí ẹ bi í, ẹ ó sì jókòó títí ìdí á fi máa ro yín. Yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn ilé ti di tirẹ̀ pátápátá: wáyà pupa lórí àga, irin tiransifọ́mà lábẹ́ tábìlì, bátìrì níbi tó yẹ kí n to bàtà mi sí. Àwọn ọmọ wa sọ ọ́ ní Bàbá Wáyà. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú bá ń bí mi.

Á fi iná bátìrì sínú kọ́ìlì kan, á já a, á tún fi í, kíákíá kíákíá bí ẹni ń ṣẹ́jú, kọ́ìlì kejì á sì tan gílóòbù. N ò ní kó má ṣeré. Ẹni tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ kiri láti àárọ̀ yẹ lẹ́ni tó ń ṣeré. Àfi lọ́jọ́ tó ní mítà tí òun fi ń wọn iná ti fi hàn pé iná tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló to mítà náà, ó sì tò ó kó lè máa di ibi tí iná bá ga dé mú, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ má baà máa gbọ̀n. Ó ní iná ọ̀fẹ́ lòun ti rí yẹn, àti pé lọ́jọ́ Ajé, òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun á gbájú mọ́ kọ́ìlì.

"Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

"Àwọn gan-an ni mò ń ṣe é fún."

Bí ọkọ mi bá ti sọ nǹkan, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Mo bínú títí, mo fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo lọ bá Oníredíò, tó ń tún rédíò ṣe lópòópónà wa. Ọwọ́ ọkọ mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òjé lẹ wáyà pọ̀. Ó ní sikóòpù, ẹ̀rọ tó máa ń ya ìrìn iná sójú gíláàsì. Mo ní kó wá fi í yẹ kọ́ìlì náà wò, kó sì sọ òótọ́ fún ọkọ mi.

"Àǹtí, ṣé èmi ni màá wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, kí n ní wọ́n ṣìnà?"

"Bí o ò bá sọ ọ́, ta ni á sọ ọ́?"

Ó dé lọ́sàn-án Sátidé. Ó so sikóòpù mọ́ kọ́ìlì, ìlà kan sì yọ lójú gíláàsì: ó ga gogoro, ó já wálẹ̀, ó wá tẹ́ lọ gbọọrọ kó tó tún ga. Mo rí i lójú Oníredíò pé ó ti mọ̀. Ó họ ọrùn. Ẹnu ń yún mi láti sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí. Kọ́ìlì yín ni, ẹ̀yin lẹ mọ ìwà rẹ̀."

Ọkọ mi wọ awò ojú rẹ̀. "Iná ló gòkè yìí. Ó tún wálẹ̀."

"Ibi tó tẹ́ lọ gbọọrọ yìí ńkọ́, sà?"

Ó fi ìka tọ ìlà náà lọ, ó fi tọ̀ ọ́ bọ̀. "Kò sí iná níbẹ̀." Ó wo mítà rẹ̀. "Òkè nìkan ni mítà mi ń dì mú. Ó ń ṣe bí ẹni pé iná ò sọ̀kalẹ̀ rí. Ohun tí mo fún kọ́ìlì náà ló ń dá padà, ó tiẹ̀ ń bù díẹ̀ jẹ níbẹ̀."

Mo rò pé á sunkún. Ẹ̀rín ló bú sí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé: "Bàbá Wáyà, òpùrọ́ ni mítà rẹ!" Ló bá fa àga mọ́ sikóòpù, ó ń pààrọ̀ kọ́ìlì, ó ń wo bí ìlà ṣe ń yí padà, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Ó ní látọjọ́ tí òun ti ń wé kọ́ìlì, òun ò rí ojú iná rí.

Mo sin Oníredíò dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúpẹ́ títí ó fi ní ó tó.

"Èmi kọ́, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ni wọ́n kà á."

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò lóòótọ́. Ẹlòmíì ì bá fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ọkọ mi ì bá sì fi agídí kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ tí ọkọ̀ dún níta. Mo sáré yọjú. Ó juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ní òun ń lọ kó àwọn ọmọ òun o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Oníredíò. Ó dá ọkọ mi padà fún mi, kò sì dójú tì í.