Ẹni Tí Ìyàwó Mi Fẹ́ Máa Bá Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó mi pè mí láti ìlú òyìnbó, ó ní òun ń rò ó bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ tẹ́rápì. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀. Ìyá àgbà kan lára wọn tó fẹ́ràn kú sí i lọ́wọ́, látìgbà yẹn kò rí oorun sùn dáadáa. Ó lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì kó kọjá ibi tó fẹ́ bọ́ sí.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe nínú tẹ́rápì yẹn?"

"Èèyàn á sọ tinú ẹ̀, ẹnì kan á máa gbọ́."

"Ṣé etí tèmi ti di ni?"

"Dádì, ẹ̀yin tí mo bá ní inú mi ò dùn, tẹ́ ẹ máa ní kí n lọ mu tíì."

Kò parọ́. Mo tiẹ̀ máa ń ní kó fi mílíìkì sí i.

Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi èdè òyìnbó sunkún, ìyẹn ló jẹ́ kí òun wá Yorùbá tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ó ti rí ọkùnrin kan, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí ló wà. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ rò ó wò. Tẹ́ ẹ bá ní rárá, mi ò ní ṣe é."

Ó fi fọ́tò ọkùnrin náà ránṣẹ́. Eyín ẹ̀ funfun, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jáàsì, ó fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí ò níbi tó ń lọ. Èmi, tí obìnrin bá ń bá mi sọ̀rọ̀, orí mi máa ń wà nínú firíjì. Firíjì ni mo ń tún ṣe l'Ágbójú. Form three ni èmi àti ìwé ti túká, kò síjà.

Wọ́n máa ń ní obìnrin ló ń jowú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú tó máa fi wo ìyàwó mi kọ́ ló ń dùn mí, ẹkún yẹn ni. Ó pẹ́ tó ti sunkún níwájú mi. Kí wọ́n wá gbé ẹkún ilé mi fún ọkùnrin tí mo lè wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá?

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a. Mo ti múra àtisọ pé AC ni mo wá wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ wá rí?" ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ọ̀gá yín."

Ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ó ṣòro láti kórìíra ẹni tó ń kí èèyàn dáadáa, àmọ́ mo gbìyànjú. Ó mú mi wọ ọ́fíìsì ẹ̀, ó fún mi lágà.

"Kí ló gbé yín wá, sà?"

"Ìyàwó mi tó wà lókè òkun ló fẹ́ máa sọ tinú ẹ̀ fún ọkùnrin kan."

"Báwo ló ṣe rí lára yín?"

Nọ́ọ̀sì nìkan ló ti bi mí ní irú ẹ̀ rí, abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo ní látìgbà tó ti lọ, apá ibi tó máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ń sùn, kó má bàa ṣófo. Apá tèmi ló wá ṣófo báyìí. Mo ní ó máa ń pe àwọn arúgbó yẹn ní "darling" tó bá ń wẹ̀ wọ́n, èmi tí mo sanwó orí ẹ̀, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Wákàtí kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ kí n tó mọ̀.

Ó wá ní, "Ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ò bá ti tètè sọ, sà." Ó ní bí iṣẹ́ àwọn ṣe rí, tí òun bá ti gbọ́ tẹnu ọkọ, òun ò lè gbọ́ tìyàwó mọ́. Àga tí ìyàwó mi fẹ́ jókòó sí ni mo ti jókòó sí yẹn.

Inú mi dùn títí mo fi dé títì. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ẹni tí ò rí oorun sùn ni mo gba àga lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tó pè mí lórí fídíò ní Sunday, mo sọ fún un.

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan?"

"Kò tiẹ̀ tó."

"Ẹ̀yin. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ní èápọ́ọ̀tù, 'ṣọ́ra fún òtútù' nìkan lẹ sọ." Owú wà lóhùn ẹ̀. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ní in. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Wọ́n ní àṣírí ni."

"Dádì, mo máa pa fóònù yìí."

Mo sọ ọ́, ti bẹ́ẹ̀dì, ti "darling". Ó rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe bú sẹ́kún. Mo la ẹnu láti dárúkọ tíì, mo sì pa á dé. Mo kàn ń wò ó.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Mo máa bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà n'Íbàdàn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn."

"Ṣé èyí tá a sọ yìí ò tó?"

"Kò tó. Ẹ̀yin gan-an wà lára ohun tí mo fẹ́ lọ sọ."

Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọ̀sán Saturday ni wọ́n ń ṣe é. Tí mo bá bi í léèrè lẹ́yìn ẹ̀, á ní, "A sọ̀rọ̀." Ó ti ń sùn báyìí, ojú ẹ̀ ti mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kàn ń wù mí kó jẹ́ èmi ni mo bá a wá oorun yẹn rí.