Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Mi ní Sagnarigu

Ọjọ́ tí èmi àti bàbá mi fi ẹsẹ̀ wá Màmá Rábí kiri Tamale, ìlú òkèèrè, kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Àbúrò bàbá àgbà mi ni, tí a kò rí rí. Kí bàbá àgbà tó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní a gbọ́dọ̀ wá a rí.

Àdúgbò Moshie Zongo la ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Gbogbo àgbà tí a bá fẹ́ bi léèrè ni bàbá mi ń dọ̀bálẹ̀ fún gbalaja nínú eruku. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí.

“Bàbá, wọn kì í dọ̀bálẹ̀ níbí. Wọ́n ń lóṣòó ni.”

“Kí wọ́n máa lóṣòó. Rìn, jàre!”

Ẹsẹ̀ mi ti wú kí a tó dé Sagnarigu. Ìyá arúgbó kan ń bó ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi tún nà gbalaja. Àwo ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà.

“Ọmọ Yorùbá! Ọmọ ta nìyí?”

Bàbá mi dárúkọ bàbá rẹ̀.

“Wàláhì, ẹ̀gbọ́n mi ni!” Ó bú sẹ́kún.

Èmi tí mo ti ń lóṣòó láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò rán mi tí mo fi da àyà délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í wo ọ̀tún wo òsì mọ́ kí n tó kí àgbà.