Obìnrin Tí Mo Kọ Mọ́ Òkú

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹni tí mo kọ mọ́ òkú ń jẹ, ó ń mu. Títí dòní, òórùn yàrá fáìlì ọjọ́ náà kò kúrò nímú mi: eruku, ìwé àtijọ́, àti oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ni mo ń bá dókítà kan ṣe nígbà náà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ó fẹ́ mọ àwọn tó ṣì wà láàyè nínú àwọn obìnrin tó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, kó lè wò ó bóyá èrè ìtọ́jú náà tó ìnáwó rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ti ń sọ pé bí kò bá tó o, àwọn á dá a dúró. Àwọn obìnrin náà kò sì pọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ẹyọ ẹnì kan lè yí èsì padà. Ẹni tí a bá wá lẹ́ẹ̀mejì tí a kò rí, òkú la ń kà á sí.

Mo ti wá eléyìí dé agboolé ọkọ rẹ̀ ní Ìlárè. Mo gbá fáìlì ilé ìwòsàn mọ́ àyà, mo dúró láàárín agboolé, mo pe orúkọ rẹ̀ àti ti baba rẹ̀ ketekete. Àwọn ìyàwó ilé wo ara wọn. Ìyá kan tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́bàá ògiri ló dá mi lóhùn.

“A ò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, ọmọ mi.”

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà ló sọ, ó tiẹ̀ bu omi fún mi mu. Mo dúpẹ́, mo padà sílé ìwòsàn, mo kọ ọ́ mọ́ òkú.

Àṣé nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní Ẹnuwá tó ń ná ẹja. Ó bi mí pé orúkọ wo ni mo fi pè é. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

“Ọ̀gbẹ́ni onífáìlì, ta ní ń pe ìyàwó ilé bẹ́ẹ̀ nílé ọkọ? Ìyá Dúpẹ́ ni kó o béèrè. Fáìlì yẹn, fi sílẹ̀ níbí.”

Mo lọ lọ́wọ́ òfo, mo béèrè Ìyá Dúpẹ́. Ìyá ẹlẹ́gùúsí ló dìde. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí rẹ̀, ó fà mí sẹ́yìn ilé.

“Ohun tí mo sọ fún wọn níbí ni pé mo lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Modákẹ́kẹ́, ní gbogbo oṣù tí mo fi ń gba ìtọ́jú. Ìwọ wá dé, o ń polówó àìsàn mi. Ṣé kí n jẹ́ ìpè yẹn ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, mà.”

“Dìde jàre, kí wọ́n má lọ rò pé ọmọ mi lo wá fẹ́.”

Ó jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè mi. Ara rẹ̀ le koko. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún dókítà, ó fa ìlà lé ohun tí mo kọ, ó ní ká tún lọ wá gbogbo àwọn tí a kò rí, láìgbé fáìlì dání. A rí àwọn kan. Àwọn kan ti kú lóòótọ́. Àwọn aláṣẹ kò sì dá ìtọ́jú náà dúró mọ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ pé ìtọ́jú kan kò wúlò, ìyá yẹn ni mo ń rántí, ọwọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀gúsí, ojú rẹ̀ lára fáìlì mi. Ó wà láàyè níwájú mi, ẹ̀rù fáìlì mi ló sọ ọ́ di òkú. Ìwọ ńkọ́, bó bá jẹ́ ìwọ ni mo pè lọ́jọ́ náà láàárín agboolé, ṣé wàá jẹ́ ìpè mi?