Mo Rò Pé Ó Ń Kí Wa Ni

Owó tí mo fi ra búrẹ́dì kan láàárọ̀ òní, bí ó bá wà lápò mi ní ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì, bàbá mi ìbá rò pé mo ti lọ jalè ni. Ẹ má jẹ́ kí n dárúkọ epo bẹntiróò, nítorí ọ̀rọ̀ epo a máa gbé ẹ̀jẹ̀ mi ga. Ohun kan ṣoṣo ló wọ́n nígbà yẹn tó wá di ọ̀pọ̀ lóde òní, òun ni ọ̀rọ̀ ẹnu láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ní Moss Side tí a ń gbé ní Manchester, bí mo bá fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, mo ní láti to owó ẹyọ jọ fún ọ̀sẹ̀ gbáko, kí n tó wọ inú àpótí tẹlifóònù tó wà létí Princess Road. Ẹ̀rọ náà á máa gbé owó mì bí adìẹ tí ń ṣa àgbàdo. Kí n tó kí ìyá mi kú ọjọ́ mẹ́ta tán, ó ti já. Lónìí, ọmọ mi ń pè mí láti òkè òkun, mo ń rí ojú rẹ̀, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ́n, a ní púpọ̀ láti sọ. Ó ti wá di ọ̀fẹ́ báyìí, a ò rí i sọ.

Mo rántí ìgbà tí mo parí ìwé mi ní ìlú náà, tí àwọn tí a jọ wá láti ilé ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì kan nílé ti ṣèlérí iṣẹ́ olùkọ́ fún mi. Mo ti fi ọdún púpọ̀ gbé páálí ní ilé ìkẹ́rù kan ní Trafford Park láàárín ìgbà tí mo ń kàwé, ẹ̀yìn mi sì ti ń sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bí ẹni gba Ọlọ́run gbọ́. Ohun tí n kò rò ni pé nínú àwa mẹ́rin tí a ń gbé ilé yẹn, àwọn ọmọ wa méjì kò rin ìrìn àjò kankan rí. Manchester ni a bí wọn sí. Ilé ni wọ́n wà.

Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì, obìnrin tí kì í pariwo, kò sọ pé òun ò lọ. Ohun tó sọ ni pé, “Dádì, bí ọmọbìnrin yìí bá ti gbà, èmi náà ti gbà.” Ọmọbìnrin wa ti pé ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì kéré, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kọjú sí lòun náà ń kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ṣe wá rọ̀ mọ́ ẹnu ọmọ kan. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, mo tún bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi bínú. Ó ní gbogbo ọmọ kíláàsì òun ni bàbá wọn ti mú lọ pàgọ́ lórí òkè, èmi tí n kò mú òun dé ibì kankan ní England rí ni mo wá fẹ́ mú òun kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Mo ní ó dára, a ó lọ pàgọ́, ṣùgbọ́n bí a bá dé, ṣé ó máa jókòó ká jọ sọ ọ̀rọ̀ ilé? Ó wò mí títí. Ó ní, “Deal.”

Mo gbìmọ̀ ìrìn àjò náà bí ẹni ń gbìmọ̀ ogun. Ìyá mi ti fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí tí kò kàwé ti ń ṣe nígbà yẹn: ìyá á jókòó ti rédíò, á sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ẹni tó bá ń bọ̀ á gbé e wá. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ki ọmọbìnrin mi ní oríkì, ó sọ yàrá tí yóò máa sùn, ó sọ igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká títí ọmọ náà yóò fi dé. Mo ní bí ọmọ bá gbọ́ ohùn yẹn níbi tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí kò sí ọ̀rẹ́, ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

A ò ní mọ́tò. Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ọmọ Yorùbá àdúgbò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, nítorí ó ti pẹ́ ní Manchester ju gbogbo wa lọ. Òun ló yá wa ní bọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń kó ẹrù.

Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní dá wa dúró lọ́nà?”

“Ìwọ! Mọ́tò yìí ti gbé ìyàwó, ó ti gbé òkú, kò dójú ti ẹnì kankan rí. Ó kàn máa ń ṣe ìyanga bí ojú ọjọ́ bá tutù ni.”

“Ẹ̀gbọ́n, England la wà. Ìgbà wo ni ojú ọjọ́ kì í tutù?”

“Ẹnu ẹ ti ń mú jù látìgbà tí wọ́n ti fún ẹ ní digírì. Gba kọ́kọ́rọ́, jàre.”

Ìyàwó mi se jọ̀lọ́ọ̀fù, ó se mọ́ínmọ́ín, ó sì kó gbogbo aṣọ òtútù tó wà nílé. Bó ti ń dì wọ́n ló ń rojọ́ fún àwọn ìkòkò: “Wọ́n ní ilé, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní hítà. Wọ́n wá ní ká lọ sùn nínú aṣọ lórí òkè. Ẹni tí ogun lé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti bí mi.” Ọmọbìnrin wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Èmi òmùgọ̀ ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Àwọn òkè tó wà láàárín Manchester àti Sheffield, igi kì í sábà hù lórí wọn. Koríko rúsúrúsú ni, àti àgùntàn tí kò ní darandaran, àti òjò wínníwínní tí kì í rọ̀ kì í dá. N kò lè ní sùúrù dìgbà tí a máa pàgọ́. Bí a ti ń gun òkè ni mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò mọ́tò. Ohùn ìyá mi kún inú ọkọ̀. Mo wo dígí, mo rí ọmọbìnrin mi tó na ọrùn síwájú láti gbọ́ ọ dáadáa. Ní ibi tí wọ́n ti ń ki oríkì rẹ̀ gan-an ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó ń wúwo, ó ń lọ́ra, títí ó fi dà bí ohùn ọkùnrin tó mutí yó. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rí i pé iná mọ́tò ti ń ṣú lọ. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára ló ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ohùn ìyá mi kọ́kọ́ kú, ẹ́ńjìnnì kú tẹ̀ lé e, a sì rọra yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi ojú ẹni tó ní digírì wo inú rẹ̀. Kò tíì sí fóònù alápò. Kùrukùru bolẹ̀, mọ́tò kò sì kọjá.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa ìkíni àwọn ará Manchester. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dà mí láàmú jù ni “All right?” Awakọ̀ bọ́ọ̀sì á sọ ọ́, ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn á sọ ọ́. Màá dúró, màá máa ṣàlàyé pé orí ń fọ́ mi díẹ̀, pé n kò tíì rí lẹ́tà gbà láti ilé. Kí n tó gbójú sókè, ẹni tó bi mí ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ló là mí lóye: “Wọn ò bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ẹ ǹlẹ́ o tiwọn nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ‘All right?’, ìwọ náà ní ‘All right’, kó o máa bá tìẹ lọ.” Látìgbà náà mo mọ̀ ọ́n dáhùn. Mo tilẹ̀ ń mi orí sí i bíi tiwọn. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ìlú yẹn, òun ló dá mi lójú jù.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mọ́tò àgbẹ̀ kan tí ẹrẹ̀ bò yọ sí wa, ajá jókòó sí iwájú rẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà tó ń wà á dẹ̀ ẹ́ dúró, ó sọ fèrèsé kalẹ̀, ó ní, “All right?”

Mo yọ orí kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé àtàǹpàkò sókè, mo sì rẹ́rìn-ín sí i kó má baà rò pé ẹni tí kò mọ ìkíni ni wá. Mo ní, “All right!”

Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀. Ó wo ìyàwó mi tó fi aṣọ wé orí. Ó tún wò mí. Ó ní, “Right then.” Ó sì lọ.

Mo ti ń nu ọwọ́ láti lọ bá a sọ̀rọ̀ ni o. Níbi tí a ti tọ́ mi dàgbà, ta ló ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn kó tó kí i tán? Ìkíni á ṣáájú, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e. Mo ń retí kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sọ̀ kalẹ̀, kó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, kí n wá sọ pé ẹ jọ̀ọ́, baba, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ. Kí n tó nu ìka kejì, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ti wọ inú kùrukùru.

Ọmọbìnrin mi fò bọ́ọ́lẹ̀. “Daddy! Ó ń béèrè ni! Ó ń béèrè bóyá a nílò ìrànlọ́wọ́!”

“Ó ń kí wa ni.”

“Kò kí wa! Ta ló ń kí ènìyàn níbí? Why did you say that?”

Mo ní ọmọ kì í jágbe mọ́ bàbá rẹ̀. Ìyàwó mi kò jágbe. Ó kàn ní, “Dádì, ẹ̀yin lẹ rán an lọ.” Ìyẹn ló dùn mí jù.

Inú mọ́tò la sùn. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, àfi pé mọ́ínmọ́ín dì bí òkúta, ọmọkùnrin wa sì ń gbọ̀n láyà ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin mi kò sí lórí ìjókòó. Mo sáré sí títì, mo ń pè é ní orúkọ, mo ń pè é ní oríkì. Àgùntàn ló gbójú sókè wò mí. Mo ti pinnu lọ́kàn mi ohun tí màá sọ fún ìyá mi, nígbà tí mọ́tò ẹlẹ́rẹ̀ náà tún yọ. Ọmọ mi jókòó sí iwájú, ó wọ kóòtù ọkùnrin, ajá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn títí ó fi rí ilé àgbẹ̀ náà.

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin mi tó ń gbọ̀n, ó wò mí. Ó ní, “You said you were all right.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kò gbọ́ mi yé. Ó yíjú sí ọmọ mi, ọmọ mi sì tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún un. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gba digírì, ọmọ tí mo bí ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún àgbẹ̀ lórí òkè.

A fi tẹlifóònù àgbẹ̀ náà pe Ẹ̀gbọ́n, ó sì yá mọ́tò wá kó wa lọ sílé. Nígbà tí ara wa balẹ̀, ọmọbìnrin mi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó wá jókòó ká sọ ọ̀rọ̀ ilé. Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé ẹyin. “Daddy, níbí, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń kí mi, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń béèrè. Ní ilé yín ńkọ́? Èmi ni màá jẹ́ Daddy níbẹ̀.” Ilé yín ló sọ, kò sọ ilé wa. Mo yíjú sí ìyàwó mi, ó sì ní, “Ẹ máa lọ ná, Dádì. A ó máa bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “ná”, ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo fi kun yàrá, mo fi ra bẹ́ẹ̀dì. Ọsàn ẹ̀yìnkùlé so, ó pọ́n, ó jábọ́, ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a. Àwọn ènìyàn ní kí n gbà fún Ọlọ́run. Mo ti gbà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi síbẹ̀. Mo bínú sí mọ́tò, mo bínú sí Ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi. Mo bínú jù sí àgbẹ̀ tó rí òjò, tó rí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó wá gba ẹnu mi gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Ìyá mi ti kú, kò fojú kan ọmọ tó kì. Ẹ̀gbọ́n kú sí Manchester, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, òun tó máa ń sọ lọ́dọọdún pé ọdún tó ń bọ̀ lòun ń lọ sílé. Àgbẹ̀ yẹn ti darúgbó nígbà náà, yóò ti lọ. Ìyàwó mi wà láàyè, ní Swinton lẹ́bàá Manchester. A kò kọ ara wa sílẹ̀, a ò sì jọ gbé mọ́. Ọmọkùnrin mi wà, ó ní ọmọ méjì tí n kò lè bá sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọmọbìnrin mi wà, ó ti ju ọjọ́ orí mi lórí òkè yẹn lọ. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè. Ní èyí tó kọjá, ojú rẹ̀ yọ lórí fóònù, ó ní, “All right, Dad?” Ó wá dákẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá ó ń kí mi ni, bóyá ó ń béèrè ni, n kò mọ̀ ọ́n.

Mo ní, “All right.”

Ó ní, “Right then.”

Èmi náà ṣì wà.