Ọdún Tí Ìyá Mi Sinmi Ọwọ́

Títí di òní, bí o bá ṣí yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Ekinrin-Adde, òórùn ajílẹ̀ òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, òórùn líle tó ń ta ni nímú. Àpò méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti dì gbagidi. Kò sẹ́ni tí kò tíì ní kí n kó wọn dànù, àmọ́ mi ò lè ṣe é.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ìyá mi nìkan ló ń ro oko àgbàdo wa. Ilẹ̀ náà ti ṣá. Ọmọ àgbàdo tó ń yọ níbẹ̀ kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Ajílẹ̀ ọjà sì ti wọ́n kọjá agbára opó. Nígbà tí wọ́n wá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìjọba fẹ́ bá àgbẹ̀ san ìdajì owó ajílẹ̀, kí oníkálukú wá tẹ̀ka, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ìyá mi fi dé ọgbà ilé ìwé. Èmi tí mò ń ṣe tíṣà ní Kabba ni mo sìn ín lọ.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń tẹ ìka lé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí kò ní ju ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ tẹ̀ ẹ́, ó gbà. Ìyá mi tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ́ ti pa gbogbo ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ rẹ́, ó ń dán bí ẹ̀rúkọ́ tó ti gbó.

"Okun o, Iye," ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà fi kí i, bí a ti ń kí ìyá ẹni nílẹ̀ wa, ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ máa sinmi ọwọ́. Ẹ máa fi òrí ra á. Tá a bá padà wá, á gbà."

Mo mọ̀ pé ó kàn fẹ́ tù ú nínú ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ṣeré. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kó jẹun kó tó lo oògùn, àjẹyó ni yóò jẹ. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Kò fọ ìkòkò, kò rin ẹ̀gẹ́. Òjò dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè, àgbàdo wọn ń ga sí i. Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi òrí ra àtàǹpàkò bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun.

"Iye, ẹ jẹ́ kí n gba lébùrà."

"Láìsí ajílẹ̀? Má fowó ẹ ṣòfò."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé ọkọ́ lọ fúnra mi. Ọwọ́ mi ti bó kí oòrùn tó mú. Ó fi òrí rẹ̀ ra èmi náà, ó ń rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó padà wá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi wọ̀ lọ. Ó tẹ̀ka, iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó fò sókè bí ọmọdé, àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùn, ó sì bi í pé, "Iye, kí lẹ gbìn lọ́dún yìí?"

Ìyá mi wo àtàǹpàkò rẹ̀ títí.

"Mi ò gbin nǹkan kan," ó ní. "Ọwọ́ ni mò ń tọ́jú."

A san ìdajì tiwa, a sì kó àpò méjì sílé. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọkọ́, ṣùgbọ́n igbó ti bo oko, ọwọ́ tó ti rọ̀ kò sì gbà fún un mọ́. Á dé láti oko, ìka rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀. Kó tó rí ibi gbin àgbàdo sí, àìsàn gbé e dè, kò sì dìde mọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú nígbà tó ń lọ. Ó rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tí kò roko rí, ó sì ń run òrí. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ṣe àgbẹ̀. Ọdún kan ṣoṣo tí kò ro oko ni ìjọba tó gbà pé àgbẹ̀ ni. Bí òórùn ajílẹ̀ yẹn bá ti kọ lù mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, èyí tó le, tó máa ń ha mí lẹ́yìn nígbà tó bá ń wẹ̀ mí ní kékeré.