Igi Tí Ìyá Àgbà Tò Sílẹ̀ De Òkú Ara Rẹ̀

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi dákẹ́ lójijì, a sì gbọ́ tí igi òro náà ké. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó tún dúró. Ìyá mi àgbà dìde lórí àpótí tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fà mí mọ́ra. Nígbà tí igi náà wó lulẹ̀, àwọn òkè tó yí Odòde, ìlú wa, ká gba ìró rẹ̀, wọ́n dá a padà fún wa. Eruku bo ojú wa. Lẹ́yìn náà ni òórùn igi tútù gba gbogbo àgbàlá, ó korò díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀.

"Ó parí," ni ó wí.

Igi náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i. Lábẹ́ rẹ̀ ni èmi àti òun ti máa ń ṣa èso nígbà òjò. A ó kó wọn jọ títí ara wọn yóò fi rà, a ó wá la kóró wọn, a ó yọ àpọ̀n inú rẹ̀, a ó sì sá a sórí àpáta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ìka mi kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ ní gbogbo àsìkò náà. Ṣùgbọ́n ìjì ti ya ẹ̀ka ńlá kan lára rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ti ní ihò. Bó bá wó fúnra rẹ̀, orí ilé wa ni. Àwọn ará àdúgbò ní kó tà á fún àwọn onípákó. Kò gbà. Igi ìdáná ló fẹ́ kí wọ́n là á sí, gbogbo rẹ̀ pátá, kò sì fi ohun tó fẹ́ fi ṣe pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ó fẹ́ kí wọ́n fi se oúnjẹ òkú òun.

Kò ya àwọn àgbà lẹ́nu. Àwọn ìyá arúgbó wa a máa ra aṣọ ìsìnkú wọn pamọ́ sínú àpótí, wọn a sì máa yọ ọ́ sá sóòrùn lọ́dọọdún. Tirẹ̀ ti wà nínú àpótí, igi ló kù. Ọmọ kan ṣoṣo ló yè fún un, ìyá mi, tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ ní Ofosu. Bàbá mi ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ kí n tó gbọ́njú. Ohun tó ń ba ìyá mi àgbà lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, ìyá mi nìkan ni yóò máa sá kiri, tí yóò máa wá igi, tí yóò máa wá omi, kí àwọn ará ìjọ àti ará àdúgbò tó rí nǹkan jẹ. Kí àgbà kú kí ebi sì pa àwọn tó wá sin ín, ìtìjú ńlá ni lójú rẹ̀.

Ìyá mi wọkọ̀ wálé lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ ò dùn rárá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ikú. Ta ló ń lé yín?"

"Èmi ò pe ikú, ọma mi. Ikú mọ ilé wa, kò dìgbà tí mo bá pè é. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ìwọ lo sì máa sin mí. Ṣé kí o máa ṣẹ́ igi kiri lọ́jọ́ yẹn ni?"

Ìyá mi wo igi, ó wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Igi yìí tó se màlúù mẹ́wàá."

"Ṣáà sè é. O ò gbọdọ̀ fi ewúrẹ́ tan àwọn èèyàn."

Bàbá kan láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Atosin, ló wá fi àáké là á. Ó ní tútù ni à ń la òro, pé bó bá gbẹ, àáké á máa ta padà sí ẹni tó jù ú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń gbọ́ àáké rẹ̀. Èmi àti ìyá mi àgbà ń kó o, ó ń tò ó. Ó fi òkúta sí ìsàlẹ̀, ó wọ́n eérú yí i ká nítorí ikán, ó to igi náà ní ìbú àti òró kí atẹ́gùn lè rọ́nà gbà, ó kọjú èèpo sókè kí òjò máa ṣàn dànù. Páànù àlòkù ló fi bò ó. Nígbà tó parí, òkìtì igi náà ga jù ú lọ.

"Màmá, ẹ óò lò ó pẹ́ o," ni bàbá náà wí, bí a ṣe ń kí ẹni tó ní nǹkan tuntun. Ìgbà náà ló rántí ohun tí igi wà fún, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi ni n ó lò ó. Ọmọ mi ni."

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti pa igi tí a ṣẹ́ bọ̀ láti oko, tí ẹ̀wà wa kọ̀ tí kò jinná, mo yọ ẹyọ kan níbẹ̀. Ìyá mi àgbà kò lù mí. "Ṣé mo ti kú ni?" ni ó bi mí. Mo dá a padà, a sì fi ebi dúró dìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra igi yẹn.

Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá mi dé láti Ofosu. Ibà ni wọ́n pè é. Àwọn ará ìjọ wa wá pẹ̀lú àbẹ́là àti omi àdúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n lu agogo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó kú.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í se àsè fún un. Síbẹ̀, bàbá kan nínú ẹbí wa lọ ṣí páànù lórí igi, ó fẹ́ fi se ohun tí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ máa jẹ. Ìyá mi àgbà jáde sí i láìwọ bàtà.

"Igi arúgbó nìyí. Ẹ má fi kan ọmọ mi."

Bàbá náà bo páànù padà. Òbí kì í sì í dé ibi tí wọ́n bá ń sin ọmọ rẹ̀, nítorí náà yàrá ni ìyá mi àgbà àti èmi jókòó sí, ó kọjú sí ògiri. A ń gbọ́ ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí bóyá wọ́n ti ṣe tán. Èmi náà ò mọ̀, mo ṣáà ń sọ pé ó kù díẹ̀.

Ọjọ́ púpọ̀ la fi jẹ oúnjẹ aládùúgbò, ààrò wa tutù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa padà sí ilé-ìwé, èéfín kan ló jí mi. Mo mọ òórùn rẹ̀. Mo sáré dé ilé ìdáná, mo bá a níbi tó ti ń fẹ́ iná, igi òro mẹ́ta wà lábẹ́ ìkòkò.

"Màmá, igi yín ni ẹ fi ń dáná."

"Ta ni mo tún ń tọ́jú rẹ̀ dè?" Kò wo ojú mi. "Ẹni tí ì bá fi dáná fún mi ti lọ. Jókòó, kí o jẹun."

Orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé oko mọ́ lẹ́yìn ikú yẹn, kò sì jẹ́ kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ ṣẹ́gi. Bẹ́ẹ̀ ni igi náà ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó dọ́gba pẹ̀lú èjìká rẹ̀, ó dé ìbàdí, ó dé orúnkún. Mo ń rí i. Mo mọ ohun tó ń jóná. Mi ò sọ nǹkan kan, torí ebi ń pa mí, torí ọmọdé sì ni mí. Nígbà tí mo máa fi parí ìwé mẹ́wàá, òkúta ìsàlẹ̀ nìkan ló kù.

Lọ́dún tó kọjá ni a sin ìyá mi àgbà. Mo se màlúù, kì í ṣe ewúrẹ́. Àwọn alásè gbé gáàsì wá láti Àkúrẹ́, kò sí èéfín lójú ẹnikẹ́ni, àlejò jẹ, wọ́n gbé lọ sílé. Èmi náà, gáàsì ni mo ń lò nílé mi. Ṣùgbọ́n bí òórùn igi tútù bá bá mi lójú ọ̀nà, n kì í jẹun ní gbogbo ọjọ́ náà, àwọn ọmọ mi kò sì mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ìyá arúgbó kan tó kù nínú àwọn ẹgbẹ́ ìyá mi àgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi ìsìnkú náà. Ó ní, "Igi rẹpẹtẹ tó tò sílẹ̀ nígbà yẹn ńkọ́?" Àwọn tó wá lọ́jọ́ náà rò pé wọ́n jẹ oúnjẹ òkú ìyá mi àgbà. Kì í ṣe àwọn. Èmi ni mo jẹ ẹ́ tán, ní àràárọ̀, kí n tó lọ sí ilé-ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń bù ú fún mi.